Ìhanrun kì í ṣe oorun àsùnwọra o! Àṣírí tí ẹ̀rọ mímí ń kọ sílẹ̀ lóru

Ìparí oṣù kẹfà, ọdún 2023 ni àwọn oníròyìn l'Amẹ́ríkà rí ilà tó fà gbọọrọ lójú Joe Biden, tó jẹ́ Ààrẹ wọn nígbà náà. Kí ariwo tó pọ̀ jù, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ nílé ìjọba ti ṣàlàyé pé okùn ìbòmú ẹ̀rọ tó fi ń sùn lóru ló fàmì sí i lójú. Àìsàn táwọn dókítà ń pè ní sleep apnea ló ń lo ẹ̀rọ náà fún.

Àìsàn yìí ò mọ Ààrẹ, kò mọ mẹ̀kúnnù. Ẹ jẹ́ ká ní bàbá kan wà n'Ìgbàrà-Odò, l'Èkìtì, tó ń hanrun débi pé ará yàrá kejì ò lè sùn. Ohun táwọn ará ilé máa sọ ni pé bàbá ń gbádùn oorun ni, iyán alẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Bí ìhanrun ọ̀hún bá wá dákẹ́ lójijì, tí bàbá ò mí fúngbà díẹ̀, tó wá ta gìrì bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀.

Kì í ṣe ayé, kì í sì í ṣe iyán. Bí èèyàn bá sùn lọ, ẹran ara tó wà lọ́nà ọ̀fun máa ń dẹ̀, ahọ́n á rọ̀ sẹ́yìn, ọ̀nà afẹ́fẹ́ á sì dí. Ọpọlọ á jí onítọ̀hún díẹ̀ kó lè mí, á tún sùn padà, kò sì ní í rántí lówùúrọ̀. Ẹni tírú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí nígbà ọgbọ̀n láàárín wákàtí kan, ìsinmi wo ló sinmi? Irú wọn ló ń tòògbé nídìí mọ́tò lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn àti rọpá-rọsẹ̀ sì máa ń bá a rìn.

Colin Sullivan, dókítà ará Ọsirélíà, ló kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní CPAP wò lára aláìsàn ní Sydney lọ́dún 1980, tó sì gbé àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 1981. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rọ́bà wọ imú, afẹ́fẹ́ ọ̀hún ni kì í jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun pàdé. Lónìí, ọmọ tó wà ní London tàbí Houston lè ra ọ̀kan ránṣẹ́ sí bàbá ẹ̀. Wọ́n á fi bí wọ́n ṣe ń tàn án han bàbá, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń wo ohun tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

NỌ́ŃBÀ MẸ́RIN TẸ́ Ẹ GBỌ́DỌ̀ MỌ̀

Àkọ́kọ́ ni iye wákàtí. L'Amẹ́ríkà, wákàtí mẹ́rin lóru kan ni ètò ìlera àwọn àgbàlagbà, Medicare, fi ń mọ̀ bóyá èèyàn ń lo ẹ̀rọ ẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà téèyàn bá fi sùn ló yẹ kó wà nímú. Bí nọ́ńbà yìí bá kéré, kẹ́ ẹ tó bú bàbá, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá BEDC mú iná lọ lóru.

Ìkejì ni AHI, ìyẹn iye ìgbà tí èémí dá dúró tàbí tó lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan. Kó má tó 5 làwọn dókítà ń fẹ́. Láti 5 sí 15, kò tíì le púpọ̀. Láti 15 sí 30, ó ti ń le. Tó bá ti kọjá 30, ọ̀rọ̀ ti di ti gidi. Bí bàbá bá ń lo ẹ̀rọ, tí AHI ẹ̀ sì ń wà lókè 5 fọ́jọ́ púpọ̀, ẹ̀rọ ò tíì ṣiṣẹ́ tán nìyẹn.

Ìkẹta ni afẹ́fẹ́ tó ń jò. Lórí ẹ̀rọ ResMed, tó bá ti kọjá lítà 24 ní ìṣẹ́jú kan, ìbòmú ò wọlé dáadáa, tàbí kẹ́nu bàbá máa ń là sílẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn ní bó ṣe ń ka tiẹ̀, ẹ má fi ti ResMed wò ó.

Ìkẹrin ni agbára afẹ́fẹ́. Láti 4 dé 20 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè fẹ́. Dókítà ló ń yan èyí tó bá èèyàn mu, kì í ṣe àbúrò tó mọ kọ̀ǹpútà.

Bẹ́ ẹ bá rí CA tó pọ̀ nínú AHI, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀fun ò dí o, ọpọlọ ni kò rán àyà níṣẹ́ pé kó mí. Fífi kún afẹ́fẹ́ lè mú un burú sí i, nítorí náà, ẹ wá dókítà lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí òru kan já yín láyà, ti ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá bàbá sùn tàbí ó kàn dùbúlẹ̀.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN TÒKUNBỌ̀

Lóṣù kẹfà ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Philips kéde pé kí wọ́n dá ẹgbàágbèje ẹ̀rọ wọn padà, torí fóòmù inú ẹ̀ lè rún, kí aláìsàn sì fà á símú. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀ wò dáadáa. Yàtọ̀ síyẹn, afẹ́fẹ́ tí wọ́n wọ̀n fún ẹni àkọ́kọ́ lè ṣì wà nínú ẹ̀.

Afẹ́fẹ́ yàrá náà ni ẹ̀rọ ń fà. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sítòsí fèrèsé, èéfín ẹ̀ ń pààyàn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ tètè máa pààrọ̀ asẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀, eruku máa ń dí i. Bó bá jẹ́ bátìrì lẹ fẹ́ lò, ẹ pa ibi tó ń mú omi gbóná, òun ló ń jẹ iná jù. Bíná bá lọ, kí bàbá yọ ìbòmú kíá.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ló ní mẹ́mórì káàdì pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ mú un dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà nílé ìwòsàn ńlá, bóyá l'Adó ni o, bóyá n'Ìdó-Èkìtì. Bàbá lè ní òun sùn dáadáa lálẹ́ àná, ìyá lè ní kò sùn rárá. Káàdì yẹn ni yóò parí ìjà.