Àmì Kékeré tí Wọ́n Pè ní Ìdọ̀tí

Ní ọdún 1961, ní Yunifásítì Michigan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Peter Franken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tan iná lésà pupa sí òkúta kúọ́tísì kan tó mọ́ gaara bí omi àfòwúrọ̀pọn, ṣùgbọ́n pupa nìkan kọ́ ló jáde níhà kejì: ìgbì pupa tó wọlé gùn tó nanómítà 694, ìmọ́lẹ̀ mìíràn sì bá a jáde tí ìgbì tirẹ̀ jẹ́ 347 péré, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí, àfi fíìmù fọ́tò. Ìkòkò dúdú náà ló ṣáà ń ṣe ẹ̀kọ funfun. Àmì rẹ̀ lórí fọ́tò kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó tẹ ìwé ìwádìí náà fi rò pé ìdọ̀tí ni, wọ́n sì pa á rẹ́. Ọfà nìkan ló kù tó ń tọ́ka sí òfìfo.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí: bí lésà bá lágbára tó, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ méjì a para pọ̀ di ọ̀kan. Sílíkọ́nì, ọmọ iyanrìn, a-gbé-inú-fóònù-ṣírò, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ikùn rẹ̀, nítorí pé àwọn átọ́ọ̀mù ibẹ̀ tò bí ìbejì tó kọjú síra, tí ọ̀kan ń pa ohùn èkejì mọ́lẹ̀. Lójú rẹ̀ lókè, níbi tí átọ́ọ̀mù kò ti ní ẹnìkejì mọ́, ni àwọ̀ tuntun ti ń jáde. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń fi lésà tó ń kọ yẹ̀rì bíi mànàmáná wo ojú irú àwọn ohun bẹ́ẹ̀, láìgé wọn, láìfọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹ tún wo molybdenum disulfide, ohun onípele-ìpele kan, tí ìpele rẹ̀ kan kò nípọn tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà. Ní ọdún 2013 ni ìwádìí fihàn pé, bí lésà bá kàn án, ìpele kan a máa tan àwọ̀ tuntun yìí, mẹ́ta a máa tàn, ṣùgbọ́n méjì tàbí mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣókùnkùn. Bí wọ́n bá sì rọra yí ìpele kan ṣoṣo náà lábẹ́ lésà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a ga, a wálẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹfà kí ó tó yípo tán. Èyí ni wọ́n fi ń mọ ibi tí átọ́ọ̀mù kọjú sí, àti ibi tí ègé méjì ti pàdé láìbára mu, bí àǹkárá tí télọ̀ rán láìwo òdòdó rẹ̀. Èmi kò mọ awò mìíràn tó fi ẹ̀wà sòótọ́ tó èyí.

Nicolaas Bloembergen, tó ṣe ìṣirò bí ìmọ́lẹ̀ yìí ṣe ń hùwà ní ẹnu ààlà, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981. Àmì ti Franken kò sí nínú ìwé ìwádìí rẹ̀ títí di òní.