Dírágónì Lára Àwo Òrìṣà

Ẹni tó bá rí i lọ́jà Ìfọ̀ á kọ́kọ́ pè é ní erè. Ó gùn, ó lọ́ yí ara abọ́ ká, ìpẹ́ sì bò ó. Ṣùgbọ́n erè wo ló ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìwo méjì àti irùngbọ̀n? Dírágónì àwọn ará Ṣáínà ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, kì í ṣe ẹranko ibi, òun ló ń darí omi àti òjò. Láyé àtijọ́, èyí tó bá ní èékánná márùn-ún lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ti ọba ni.

Ìlú Jingdezhen ní Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú àwọn abọ́ tánganran bẹ́ẹ̀. Kaolin, amọ̀ funfun tó wà nílẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn náà, ni wọ́n ń pò mọ́ òkúta lílọ̀. Wọ́n á fi èròjà kóbáàtì ya àwòrán aláwọ̀ aró sí i, wọ́n á da omi amọ̀ tó ń dán lé e, wọ́n á wá fi iná tó tó 1,300 lórí òṣùwọ̀n Celsius sun ún. Bí a bá fi ìka ta á, á dún bí agogo.

Yàtọ̀ sí dírágónì, qilin náà wà lára àwọn ẹranko inú ìtàn àwọn ará Ṣáínà. Ní 1414, wọ́n mú àgùnfọn kan wá láti Bengal fún Yongle, ọba Ṣáínà. Àwọn ìjòyè wò ó, wọ́n ní qilin ni, ẹranko tí kì í yọjú àfi tí ọba rere bá wà lórí oyè. (Ìjòyè ò ní sọ nǹkan mìíràn.) Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bengal ló ti dé, ẹranko Áfíríkà ni wọ́n ń wò.

Nílẹ̀ Yorùbá, ní Òkè-Odàn, Àbátàn amọ̀kòkò, tí onímọ̀ iṣẹ́ ọnà Robert Farris Thompson kọ nípa rẹ̀ ní 1969, a máa mọ àwo ọta fún òrìṣà Erinlẹ̀ nígbà ayé rẹ̀: ìkòkò onídèérí tí ère obìnrin wà lórí ọmọrí rẹ̀, tí wọ́n ń kó ọta odò sí. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lukumí lọ́hùn-ún, ò fi ọta sílẹ̀. Àwo ló yí padà. Tánganran onídèérí tí àwọn olówó fi ń gbé ọbẹ̀ sórí tábìlì, sopera, ló di ilé òrìṣà: funfun fún Ọbàtálá, aró àti funfun fún Yemọja, pupa rúsúrúsú fún Ọ̀ṣun. Èyí tó ti Ṣáínà wá náà ń wọ yàrá òrìṣà, tòun ti dírágónì rẹ̀.

Láti 1847 ni àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé Kúbà, láti ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké. Àwọn èèyàn tilẹ̀ so San Fan Con, jagunjagun tí àwọn ará Ṣáínà wọ̀nyí ń bọ, pọ̀ mọ́ Ṣàngó. Ṣùgbọ́n Ṣàngó ò gba tánganran lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọpọ́n igi onídèérí ni wọ́n ń kó ẹdùn àrá rẹ̀ sí.