Àgọ́ Ọlidé Tó Ń Kọ́ Ọmọ ní Kọ̀ǹpútà àti Ẹ̀sìn: Kí Ló Yẹ Kí Òbí Ọ̀fà Béèrè?

Bí sáà kẹta bá ti ń parí lọ ní oṣù keje, àwọn òbí ní Ọ̀fà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ọmọ yóò ti lo ọlidé gígùn. Lẹ́sìnnì ni ọ̀pọ̀ ń mú. Àwọn mìíràn á fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, torí láti 2015 ni ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà lè ti gbọ́ nípa oríṣi mìíràn: àgọ́ tí ọmọ ń sùn tó ń jí sí fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn Júù Amẹ́ríkà mọ iṣẹ́ àgọ́ yìí dunjú. Wọn kò pọ̀ láàárín àwọn ará ìlú yòókù, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí àdúrà àti èdè àwọn baba wọn má lọ bọ́ lẹ́nu ọmọ. Ní 1947 ni àgọ́ Ramah àkọ́kọ́ ṣí ní Wisconsin, kí ọmọ lè máa sọ èdè Hébérù, kó sì máa ka Tórà, ìwé mímọ́ wọn, nígbà ọlidé. Nígbà tó di 2014, ẹgbẹ́ Union for Reform Judaism ṣí 6 Points Sci-Tech Academy ní Byfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Níbẹ̀, ọmọ ń to rọ́bọ́ọ̀tì, ó ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́ Fráídè, gbogbo wọn á jọ gba Sábáàtì wọlé pẹ̀lú orin àti àdúrà. Ohun tó wú mi lórí jù nìyẹn: kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ yan ọ̀kan nínú ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́.

Ṣé ó yẹ kí ọmọ Ọ̀fà lọ síbẹ̀? Nítorí ọmọ Júù ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, wọn kò sì fi pamọ́. Òfin wọn kọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ìyẹn á tu ìyá Mùsùlùmí lára. Ṣùgbọ́n níbo ni ọmọ yóò ti kírun? Ta ni yóò mú ọmọ Kristẹni lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú? Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ béèrè ẹni tó ń sùn ti àwọn ọmọ, iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ alágbàtọ́ kan, àti bóyá nọ́ọ̀sì wà. American Camp Association máa ń yẹ àgọ́ wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí àgọ́ gbà fún wọn. Nítorí náà, ẹ bi àgọ́ náà bóyá ó ní ìwé-ẹ̀rí ẹgbẹ́ yìí. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó béèrè nípa ẹ̀rọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé oṣù kẹfà ni ọ̀pọ̀ àgọ́ Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ tiwa ṣì wà ní kíláàsì. Ti físà àti dọ́là, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Èmi kò gbà pé òkè òkun nìkan ni irú rẹ̀ lè wà. Boys' Brigade, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdékùnrin Kristẹni, ti wà ní Nàìjíríà láti 1908. MSSN, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1954, ń kó ọ̀dọ́ jọ fún ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nígbà ọlidé. Oreoluwa Lesi dá àjọ W.TEC sílẹ̀ ní 2008, àjọ náà sì ń ṣe àgọ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọbìnrin. A ní ti ẹ̀sìn, a ní ti ẹ̀rọ. Ẹni tí yóò so wọ́n pọ̀ ló ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀fà lè so wọ́n pọ̀. Federal Polytechnic ti wà láàárín wa láti 1992. Àwọn baba wa nínú Ọ̀fà Descendants Union kò dúró de ìjọba kí wọ́n tó dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943. Mo bẹ ẹgbẹ́ náà, àwọn ìmáàmù àti àwọn pásítọ̀ ìlú: ẹ lọ bá àwọn aláṣẹ Poly sọ̀rọ̀ nípa irú àgọ́ bẹ́ẹ̀, kí ọlidé tó ń bọ̀ tó dé.