Ta Ni Píà Yóò Jẹrà Mọ́ Lọ́wọ́?

Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, tí àgbàdo tuntun sì ti gba ìgboro, kò sí ẹni tí yóò rin ọ̀nà Ìkòtún lọ sí Ìgándò, tàbí tí yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí ojú rẹ̀ kò ní kan píà lórí àtẹ àwọn ìyá eléso, líle lọ́tọ̀, èyí tó ti dẹ̀ lọ́tọ̀. Bí oníbàárà bá bèèrè iye rẹ̀, ó lè máa ráhùn pé èso tí ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé bàbá òun ní abúlé, tí kò rí ẹni ṣà á, ni wọ́n sọ di ọ̀wọ́n báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ: ẹni tí ó ra píà ní Ìkòtún ra èso, ó ra ọ̀nà, ó sì ra ewu mọ́ ọn.

Oko ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìkòtún wà, nígbà kan rí, tí àwọn Àwórì ń dá. Ṣùgbọ́n Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, ti gbòòrò dé ibẹ̀, ilé sì ti jẹ oko tán. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, 1,277,714 ènìyàn ni ìjọba àpapọ̀ kà níbẹ̀, wọ́n sì ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Ní ti èso, bí orílẹ̀-èdè tí ń retí ọkọ̀ òkun ni Alímọ̀ṣọ́ rí: ohun tí kò bá gba ojú ọ̀nà wọlé, ẹnu kò ní bà á.

Inú oko kòkó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ọmọ Òbokún, ní Òǹdó àti ní Èkìtì, níbi tí igi píà ti ń ṣíji bo kòkó, ni òmíràn ti ń wá. Òmíràn a sì ti òkè Plateau àti òkè Mambilla sọ̀ kalẹ̀, ìrìn tí ó gba ọ̀sán, tí ó gba òru. Alájàpá ni í ra èso lórí igi, tí í dì í sínú àpò, tí í kó o dé ọjà èso Kétu tàbí Mile 12. Àfẹ̀mọ́júmọ́ sì ni àwọn ìyá Ìkòtún ń dé ibẹ̀ láti rà á. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà epo bẹntiróò kan ní Èkó sì fò láti iye tí kò tó 200 náírà dé 488 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sí ibùsọ̀ kan nínú ìrìn yìí tí owó ọkọ̀ kò ga.

Síbẹ̀, ọ̀nà kọ́ ni olórí ìṣòro. Ìwà èso náà ni. Píà kì í dẹ̀ lórí igi: ó lè gbó kí ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní líle, ìgbà tí a bá já a ni ó tó máa tú afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní ethylene jáde, èyí tí ń mú un dẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró. Àpò tí a tò lé ara wọn, kòtò ojú ọ̀nà àti oòrùn inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ a máa pa á lára nínú, láìjẹ́ kí èèpo rẹ̀ fi hàn. Fíríìjì kì í ṣe ibi ìsádi, nítorí líle tí òtútù bá mú jù lè dúdú nínú láìdẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ ni ìyá eléso fi ń ṣiṣẹ́: á ya líle sọ́tọ̀ fún ọ̀la, á fi ìwé ìròyìn wé èyí tí ó fẹ́ kí ó yá, á sì kó èyí tí ó ti dẹ̀ síwájú, kí ó lè tà á ní iyekíye kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tí ó bá mọ́jú, àdánù rẹ̀ ni.

Ibi tí ẹ̀rọ wà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ irú àdánù yìí. Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: wọn kì í gbin píà tà níbẹ̀. Láti Peru, Spain, South Africa àti Kenya ni tiwọn ti ń wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ irú Hass, tí ó ṣẹ̀ wá láti ara igi kan ṣoṣo tí Rudolph Hass, akólẹ́tà ní California, gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1935. Inú kọ̀ǹténà tútù ni í gba òkun kọjá, inú yàrá tí a tú ethylene sí ni wọ́n sì ti ń mú un dẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjà Òkun Pupa mú kí ọkọ̀ máa yí gúúsù Áfíríkà po ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, píà Kenya pẹ́ lójú omi, àwọn oníṣòwò sì ké gbàjarè. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ ńlá lè ra adójútòfò. Ìyá Ìkòtún ni adójútòfò àtẹ ara rẹ̀.

Bí alájàpá bá lè fi kéréètì oníke rọ́pò àpò, àdánù yóò dín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: oníbàárà náà ní ipa tirẹ̀. Kí ó má fi àtàǹpàkò tẹ èso tí kò ní rà, nítorí ibi tí ó tẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, ẹlòmíràn ni yóò sì san án. Bí kì í bá ṣe òní ni yóò jẹ ẹ́, kí ó ra líle, kí ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n nílé, kí ó ní sùúrù. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti gba díẹ̀ nínú ewu náà kúrò lórí ìyá eléso. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ní kí wọ́n dín owó kù fún òun, ó lẹ́nu ọ̀rọ̀.