Iṣẹ́ Tíṣà ní Japan: Iṣẹ́ Ni Kó Ṣáájú Bàálù

Ọ̀dọ́ kan ti gboyè jáde ní yunifásítì, ó ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán, ó wáṣẹ́ títí, kò rí. Ni ẹnì kan bá sọ fún un pé: “Ṣebí o gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa? Máa lọ sí Japan. Tíṣà ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Tó o bá ṣáà ti débẹ̀, wàá ríṣẹ́.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá rẹ̀ ti ń ronú ilẹ̀ tí wọ́n máa tà.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń wá tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní Japan? Bẹ́ẹ̀ ni. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2020, dandan ni Gẹ̀ẹ́sì fáwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn. Àmọ́ inú “tó o bá ṣáà ti débẹ̀” yẹn ni ewu wà.

Ibo Ni Iṣẹ́ Náà Wà?

Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ nílé ìwé ìjọba. Wọn kì í dá kíláàsì ṣe, ńṣe ni wọ́n ń ran tíṣà tó jẹ́ ọmọ Japan lọ́wọ́. Ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní JET, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987, ń gba irú wọn. Ọdún kan ni àdéhùn rẹ̀, wọ́n sì lè tún un ṣe títí dé ọdún márùn-ún. Ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Japan ló ń bójú tó o, kì í ṣe àjẹ́ǹtì.

Àwọn míì ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ aládàáni tí wọ́n ń pè ní eikaiwa, níbi táwọn èèyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yìn iṣẹ́ tàbí ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ ń wá, torí náà, tíṣà lè máa ṣiṣẹ́ lálẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀.

Ẹnu Nìkan Kò Tó

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni oyè yunifásítì. Fún iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ tíṣà, òfin tún béèrè pé kí èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè tí wọ́n fi kọ́ni níwèé fún ọdún méjìlá, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lè ní in, àmọ́ ìwé ẹ̀rí ló máa sọ bẹ́ẹ̀. Kí èèyàn tètè lọ gba ìwé ẹ̀rí láwọn ilé ìwé tó lọ, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì.

Bí Ìwé Ṣe Ń Rìn

Ilé ìwé máa kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò, wọ́n á sì fún un níwèé àdéhùn iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ yẹn ló sábà máa ń lọ bá àwọn aṣọ́bodè ní Japan, kó lè gba ìwé tó fi hàn pé ẹni náà yẹ lẹ́ni tó ń wọ̀lú. Ìwé yìí lèèyàn máa mú lọ gba físà ní Àbújá, oṣù mẹ́ta péré ló sì ń lò. Ẹni tó bá fi físà ìgbafẹ́ lọ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́. Bọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n lè tì í mọ́lé, kí wọ́n dá a pa dà, kó má sì lè wọ Japan fún ọdún márùn-ún.

Kódà ẹni tó níwèé ní láti fowó pa mọ́. Owó oṣù àkọ́kọ́ lè pẹ́, ọ̀pọ̀ onílé sì ń gba owó ìdúró àti owó ọpẹ́ tí wọn kì í dá pa dà. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan, NOVA, wọko gbèsè ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tíṣà àjèjì ni kò rówó oṣù gbà. Ilé ẹ̀kọ́ náà ló gba ilé fún àwọn kan lára wọn, làwọn yẹn ò bá tún mọ ibi tí wọ́n máa gbé.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran. Torí náà, kí ìyá yẹn tó ta ilẹ̀, ìbéèrè kan péré ni kó bi ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá: “Orúkọ ilé ìwé wo ló wà lórí ìwé àdéhùn ọmọ mi?” Bí kò bá rí ìdáhùn, kí ilẹ̀ wà níbi tó wà.