Ohun èlò inú ilé àtijọ́ làwọn òyìnbó ṣì fi ń sọ̀rọ̀ títí dòní, tiwa wá ńkọ́?

Tí wọ́n bá ti kéde kọ́fíù nílùú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn èèyàn ni ṣọ́jà, ọlọ́pàá àti títì tó dá páropáro. Bó ṣe rí nìyẹn l'Ékòó lóṣù kẹwàá, ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé rẹ̀ nítorí wàhálà EndSARS. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò mọ ṣọ́jà rí níbẹ̀rẹ̀ ayé ẹ̀ o. Ìdí ààrò ló ti wá! Èdè Faransé làwọn òyìnbó ti yá a, ìtumọ̀ rẹ̀ ò sì ju "bo iná" lọ.

Láyé ọjọ́un, igi àti koríko ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ́lé nílẹ̀ Yúróòpù, inú ilé náà ni wọ́n sì ń dáná sí. Tó bá ti di alẹ́, wọ́n á lu agogo, kálukú á sì bo iná ẹ̀ kó tó lọ sùn. Ìdí ni pé tí iná kékeré bá ta sí koríko òrùlé, gbogbo àdúgbò lè jóná. Ẹ̀rù tó bà wọ́n kì í ṣe lásán. Ilé búrẹ́dì kan ní Pudding Lane, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni iná ti ṣẹ́ yọ lọ́dún 1666, nígbà tó sì máa kú, ilé tó jó ti lé ní 13,000.

Bẹ́ẹ̀ lọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó tó wà lẹ́nu wa ṣe rí. Ẹ mú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò nílẹ̀kùn, kò ní kọ́kọ́rọ́ nígbà yẹn. Pákó lásán ni, tí wọ́n ń to ife àti àwo sí kí àlejò lè rí i pé ọwọ́ baálé ilé tẹ nǹkan. "Pákó ife" ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tó yá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ilẹ̀kùn sí i.

Pákó yìí náà ló di "board" tí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ńlá ń jókòó lé lórí lónìí. Pákó ni wọ́n ń gbé lé ẹsẹ̀ igi láti jẹun, tí wọ́n bá sì ti jẹun tán, wọ́n á gbé e kúrò nílẹ̀. Bẹ́ǹṣì àti àpótí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń jókòó lé, torí àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì ò pọ̀ nílé, ẹni ńlá ló ni ín. Ibẹ̀ làga ti di oyè lọ́dọ̀ wọn. Àwa náà ò kúkú sọ ọ́ yàtọ̀, ṣebí alága là ń pe ẹni tó ń darí ìpàdé.

Wíńdò wá ńkọ́? "Ojú afẹ́fẹ́" ló ń jẹ́ o! Ọ̀dọ̀ àwọn ará Denmark àti Norway tó ya wọ England láyé àtijọ́ ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ náà. Ihò lásán ni lára ògiri nígbà yẹn, gíláàsì kì í ṣe ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà. Nígbà tó di 1696, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lórí fèrèsé. Bí fèrèsé bá ṣe pọ̀ tó lára ilé ẹni lowó náà ṣe máa pọ̀ tó. Kí làwọn èèyàn wá ṣe? Wọ́n fi bíríkì dí fèrèsé wọn pa! Ọdún 1851 nìjọba tó jáwọ́ nínú owó orí náà.

Àwọn tí wọ́n ń pè ní lord àti lady náà ń kọ́? Tí wọ́n bá tú orúkọ wọn palẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ búrẹ́dì ni lord, ẹni tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì sì ni lady. Ẹni tí oúnjẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bọ́jẹ́ẹ̀tì tí àwọn gómìnà ń gbé lọ síwájú àwọn aṣòfin lọ́dọọdún, àpò awọ kékeré ni níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aráàlú á sọ pé àpò náà ṣì ni, pé ìdí ẹ̀ ló ti jò.

Ṣé Yorùbá ò wá ní irú ẹ̀ ni? A ní in rẹpẹtẹ. Nígbà tí wọ́n gbé rédíò alásomọ́-ògiri dé Èkó lọ́dún 1935, àwọn bàbá wa wo àpótí tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gbọ́ èsì, wọ́n bá sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, àwọn ló sọ ọ́. Ìkòkò tó máa jata, ìdí ẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, àwọn náà ni.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá di ìṣòro rèé. Ọmọ tó dàgbà sídìí sítóòfù onígáàsì, yálà ní Súrúlérè tàbí ní Peckham, kò rí ààrò rí. Tẹ́ ẹ bá pa òwe náà fún un, á kàn máa wò yín ni. Tẹ́ ẹ bá ní owó ọwọ́ ẹ̀ dà bí omi inú ajere, kò mọ̀ pé ìkòkò tí wọ́n lu ihò sí lára ni ajere. Ìsaasùn tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, àmù tí omi ń tutù nínú ẹ̀, ọlọ àti ọmọ ọlọ, ó lè jẹ́ pé kò mọ ọ̀kan nínú wọn.

Ohun èlò òyìnbó náà kúkú ti pa rẹ́. Ta ló ń fi agogo sọ fáwọn èèyàn mọ́ pé kí wọ́n bo iná? Àmọ́ wọ́n kọ tiwọn sílẹ̀. Ọdún 1884 ni apá kìíní ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tí wọ́n ń pè ní Oxford jáde, ó sì di 1928 kí wọ́n tó parí ẹ̀. Àwọn èèyàn láti ibi gbogbo ló ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Àwa náà ò jókòó lásán: Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821, ló ṣe ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jáde lọ́dún 1843. Ti Abraham tẹ̀ lé e lọ́dún 1958. Ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan ló lórúkọ tó ń pe ìkòkò, agbọ̀n àti ẹní tiẹ̀, inú ìwé kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn wà. Orí àwọn ìyá àgbà ni wọ́n wà, ọjọ́ tí ìyá kan bá sì papò dà, ó ti kó tiẹ̀ lọ nìyẹn.

Iṣẹ́ náà ò gba owó. Ẹni tí ìyá tàbí ìyá ìyá ẹ̀ bá ṣì wà láyé, kó jókòó tì í lọ́jọ́ Sunday kan, kó béèrè orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n ń lò nílé ìdáná nígbà tí ìyá ṣì wà lọ́mọdé. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, torí igbá kì í ṣe igba. Tí ohun èlò náà bá ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ilé, kó fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀. Kó sì jẹ́ káwọn ọmọ wà níbẹ̀, torí àwọn gan-an ló máa lò ó.