Ẹ̀rù olè ló kó wọn jọ sórí WhatsApp, nígbà tí ẹ̀rù lọ, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò dákẹ́ jẹ́ẹ́

Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹta, ọdún 2020, ni òfin kónílé-gbélé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó nítorí àrùn Kòrónà, ti Ògùn sì tẹ̀lé e lọ́jọ́ kẹta, oṣù kẹrin. Kò pẹ́ rárá tí ariwo àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní One Million Boys gbòde kan. L'Ágége, Ìfàkọ̀-Ìjàyè títí dé Sango-Ọ̀tà, oorun dá lójú èèyàn. Wọ́n ń sun táyà lójú títì, tàdá-tàdá, tigi-tigi. Àdúgbò tí onílé àti ayálégbé kì í ti í kí ara wọn, òru ọjọ́ kan ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp.

Ká sòótọ́, irọ́ pọ̀ ńbẹ̀. Wọ́n á ní olè ti dé òpópónà kejì, bẹ́ẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹni tó kọ ọ́ wà. Ṣùgbọ́n wọ́n kúkú mọ orúkọ ara wọn.

Ìgbà tí wọ́n ṣílùú tán ni wàhálà dé. Olè ò sí mọ́, kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ? Àdúrà àárọ̀ tí wọ́n kó láti ibòmíì, ìpolówó ọjà, òṣèlú. Nígbà ìbò ọdún 2023, àwọn tí wọ́n jọ ṣọ́de lóru ń bú baba ara wọn. Àwọn kan jáde, àwọn tójú ń tì láti jáde ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ wo àwọn tó ṣì ń mí, owó lẹ máa kọ́kọ́ rí. Bí tiransífọ́mà bá bàjẹ́, ará àdúgbò ló sábà máa ń dáwó sí i. Owó ọlọ́dẹ wà, owó géètì wà. Akápò tó bá ń gbé orúkọ ẹni tó san àti rìsíìtì síta lóṣooṣù, wọn á máa ṣí fóònù wò ó. Èyí tó ń sọ pé "ẹ fọkàn balẹ̀, owó wà lọ́wọ́ mi," ẹgbẹ́ tiẹ̀ ti kú, wọn ò tíì sin ín ni.

Ìdáhùn náà ṣe kókó. Ẹni tuntun tó béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì, tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn fún ọjọ́ méjì, ṣé yóò tún béèrè? Alága nìkan ò lè ṣe é. Èèyàn méjì, mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n yàn tì í, kí wọ́n máa dáni lóhùn, kí wọ́n sì máa yọ pàǹtírí dànù.

Èyí tó wá burú jù ni tàwọn onílé tó ní ayálégbé ò gbọ́dọ̀ sí ńbẹ̀. Onílé tó ń gbé Lẹ́kí, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé gọ́tà ti dí l'Ágége? Ìyá tó yá ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé náà ló mọ̀, òun gan-an ni wọn ò sì fi nọ́ńbà ẹ̀ síbẹ̀.